Kí Ló Ń Mú Ẹja Bu Ike Jẹ? Àlàyé Lórí Ìjẹ Ẹ̀tàn

Bí ẹ bá ń gbé ní England, ẹ ó ti rí wọn létí odò àti létí kánààlì. Wọn kì í jókòó sórí àga bí àwọn tí ń fi ekòló pẹja. Ìdúró ni wọ́n wà. Wọ́n á ju nǹkan kékeré kan sómi, wọ́n á ká a bọ̀, wọ́n á tún jù ú. Tó bá yá, wọ́n á sún síwájú díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ wọn, kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran. Ike ni, tàbí irin. Ẹja sì ń bù ú jẹ.

Àwọn èèyàn wa tó bá bá mi létí omi kì í yé béèrè bóyá ẹja ọ̀hún fọ́jú ni. Àwọn tó tiẹ̀ ti pinnu láti gbìyànjú a tún kó sínú ìdààmú mìíràn bí wọ́n bá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ìpẹja. Ìjẹ ló kún ara ògiri látòkè délẹ̀, pupa, olómi ọsàn, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń kọ mànà. Nọ́ńbà wà lára ọ̀pá, nọ́ńbà mìíràn wà lára réèlì tí a fi ń ká okùn, okùn pín sí oríṣi mẹ́ta. Ẹlòmíràn a ná owó gidi, a lọ sódò lẹ́ẹ̀mejì, a pòfo, a ní ọgbọ́n kí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn ni.

Ìpẹja náà kì í ṣe irọ́ o. Ohun tó ń ṣe wọ́n ni pé ibi tí kò ṣe pàtàkì ni wọ́n náwó sí. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń fi ìjẹ ẹ̀tàn pẹja, ohun tí mo rí ni pé ibi tí ìjẹ gbà kọjá nínú omi, àti bó ṣe ń rìn níbẹ̀, ló ń pa ẹja. Àwọ̀ rẹ̀ àti iye tí ẹ rà á kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ.

Kí là ń pè ní ìjẹ ẹ̀tàn?

Ohunkóhun tí kò ṣeé jẹ, tí a fi ìwọ̀ sí lára, tí à ń fà nínú omi kí ẹja lè rò pé ẹ̀dá alààyè ni, ìjẹ ẹ̀tàn ni. Ẹja tí ń pa ẹja mìíràn jẹ ni a fi ń wá. Nínú odò àti adágún England, pike ni ọ̀gá wọn, ẹja gbọọrọ tí eyín kún ẹnu rẹ̀. Perch tẹ̀ lé e, òun ló ní ilà dúdú lára, tí lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Ní etí òkun, bass ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá mọ ẹja kúta l'Ékòó ti mọ irú ìwà tí mò ń sọ. Epìyà tí ń ṣa ewé àti ìdọ̀tí omi jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjẹ tó wà lọ́jà kò lóǹkà, àmọ́ ìdílé wọn kò pọ̀. Irin ni àgbà wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní spoon jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó kòtò bí orí ṣíbí, tí ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí a bá ti ń fà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Julio Buel, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lé irú rẹ̀ lórí ní 1852. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ṣíbí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú adágún níbi tó ti ń jẹun, tí ẹja ńlá kan sì gbé e kó tó délẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ pé àwọn apẹja ló bù kún un. Àwa apẹja mọ̀ ọ́n bù kún. Èkejì nínú àwọn onírin ni spinner: pẹlẹbẹ irin kékeré kan ń yí po lára wáyà, ó ń tan mànàmáná, ó sì ń gbọn omi.

Ìdílé kejì ni èyí tí wọ́n fi igi tàbí ike líle ṣe ní àwòrán ẹja. Púpọ̀ nínú wọn ní ahọ́n ike kékeré tó yọ jáde níwájú. Ahọ́n yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń ti ìjẹ wọ inú omi, òun ló sì ń mú un gbọ̀n. Ahọ́n tó gùn tó nà síwájú ń mú un wọlé jìn. Èyí tó kúrú tó dorí kodò ń mú un rìn lókè lókè. Lauri Rapala, apẹja ará Finland, gbẹ́ tirẹ̀ ní 1936. Èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì ló fi ọ̀bẹ gbẹ́, ó fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò lé e kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ohun tó ń fara wé ni ẹja kan ṣoṣo tí kò lè wẹ̀ tààrà láàárín agbo, torí ó ti rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹranjẹ máa ń dojú kọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìdílé kẹta ni rọ́bà rírọ̀: èyí tó dà bí ekòló, èyí tó dà bí ẹja tí ìrù rẹ̀ ń jù. Nick Creme ní ìlú Akron, ní Ohio, ló ṣe ekòló oníke rírọ̀ jáde ní 1949, gbogbo ayé sì ti ń dà á ṣe láti ìgbà náà. Ìwọ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ òjé ni a sábà máa ń gún sínú rẹ̀. Ìwọ̀ olórí òjé yẹn ni wọ́n ń pè ní jig. Ìyókù ni àwọn tó ń léfòó lórí omi bí ọ̀pọ̀lọ́ tàbí bí eku tó ń wẹ̀ kọjá.

Ṣé ẹja kò lójú ni?

Ó lójú dáadáa. Ó tún ní ohun tí àwa kò ní. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹja, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tí ẹja fi ń mọ̀ pé nǹkan mi omi nítòsí, ìhà ibi tó wà, àti bóyá ó tóbi tàbí ó kéré. Nínú omi tó dà bí tíì, tí ojú kò ríran kọjá ọwọ́, ìlà yẹn ló ń sọ fún pike pé oúnjẹ ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí pẹlẹbẹ irin tó ń yí àti ìrù rọ́bà tó ń jù fi ń ṣiṣẹ́. Ẹja ti gbọ́ wọn kó tó rí wọn.

Lẹ́yìn náà, kò lọ́wọ́. Bí ohun kan bá ṣe é ní kàyéfì, ẹnu ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Pike tún kì í lè dúró rò ó. Inú koríko odò ló ń lúgọ sí, láìmira, bí ohun kan bá kọjá ó ní láti yára pinnu kí ó tó lọ. Ẹja kékeré tó ń sá lọ, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kì í ṣe nǹkan tí à ń wo fínnífínní. Nígbà tó bá fi máa mọ̀ pé ike ni, ìwọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá sì fún un láàyè láti wò ó dáadáa, yóò mọ̀. Mo ti rí pike tó tẹ̀ lé ìjẹ títí dé ẹsẹ̀ mi, tó wò ó, tó wò mí, tó yípo lọ.

Kí ni àwọn nọ́ńbà ara ọ̀pá ń sọ?

Ẹ wo ara ọ̀pá nítòsí ibi tí à ń dì mú, ẹ ó rí nǹkan bíi 10–30g. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, òun náà sì ni àwọn oníbàárà kì í wò. Ẹni tó bá ti ta kànnàkànnà rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún un. Bí ẹ bá fi yanrìn sínú kànnàkànnà, kò ní lọ síbì kankan. Bí ẹ bá fi òkúta tó tó ìkúùkù sí i, rọ́bà a já. Òkúta kan wà tó bá rọ́bà yẹn mu, òun ló máa fò. Bákan náà ni ọ̀pá. Títẹ̀ tó ń tẹ̀ ló ń ju ìjẹ, ìwọ̀n ìjẹ ló sì ń mú un tẹ̀. Ọ̀pá 10–30g kò lè ju ìjẹ gíráàmù 3 dé ibi tó nítumọ̀, ìjẹ gíráàmù 60 sì lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ rántí pé ìwọ̀n òjé àti ti rọ́bà la ń pa pọ̀. Rọ́bà ńlá wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹni tó ń wá perch nìkan nínú kánààlì, 2–10g ló máa gbádùn jù. Ẹni tó fẹ́ máa ju ìjẹ tó tó bàtà ọmọdé sí pike, àfi kó lọ sí 40–100g. Ẹni tí kò tíì mọ èwo ló fẹ́, kó ra 10–30g, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Kò sí odò tí kò ní wúlò níbẹ̀. Ní etí òkun, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tí ẹja sì jìn, ẹsẹ̀ bàtà 9 ló dára.

Réèlì ni ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn. Irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò, tí okùn ń tú kúrò lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé agolo tí okùn wé mọ́ ń yí, Alfred Illingworth ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1905. Bradford ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, bí òwú ṣe ń tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ nílé iṣẹ́ ló sì fún un ní ọgbọ́n náà. Nọ́ńbà 2500 tàbí 3000 tí ẹ ń rí lára rẹ̀ jẹ́ títóbi rẹ̀. 2500 bá ọ̀pá tí mo dárúkọ yẹn mu. 5.2:1 túmọ̀ sí pé bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ yóò fi okùn yí agolo ká ní ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀.

Ohun kan tún wà lórí réèlì tí a ń pè ní drag. Bíréèkì ni. Ẹ lọ́ ọ títí yóò fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ fa okùn dáadáa, yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tì í pa, ẹja ńlá kan ṣoṣo tó sáré lẹ́ẹ̀kan á já gbogbo ẹ̀ lọ.

Okùn wo ni kí n fi sí i?

Náílọ́ọ̀nù ń nà. Ẹja tó wà lókèèrè lè bu ìjẹ kó tu ú dànù kí ẹ tó mọ̀, torí okùn ti gba ìró rẹ̀ mì. Okùn híhun, tí wọ́n ń pè ní braid, kì í nà rárá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ó sì lágbára. Bí òjé bá kan òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ. Fún ìjẹ ẹ̀tàn, òun ni kí ẹ ká sórí réèlì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan mìíràn fún yín.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹja ń rí i, òkúta sì tètè ń gé e. Nítorí náà, a máa ń so mítà kan fluorocarbon mọ́ orí rẹ̀. Okùn yìí le, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lọ́nà tó sún mọ́ bí omi ṣe ń ṣe é ju náílọ́ọ̀nù lọ, ojú kò fi tètè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí pike bá wà nínú omi náà, ẹ fi wáyà sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ jiyàn èyí. Okùn wáyà tó tó 30cm, tó ní ìkọ́ lórí kejì tí ẹ ó fi gbé ìjẹ kọ́. Eyín pike ń gé fluorocarbon, kódà èyí tó nípọn, bí kì í ṣe lónìí yóò jẹ́ lọ́la. Ohun tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹja á máa gbé ìwọ̀ olórí mẹ́ta kiri lẹ́nu, kò ní lè jẹun dáadáa. Àwọn kan ń sọ pé perch kì í bu ìjẹ tó bá ní wáyà. Perch ń bù ú. Wáyà tó rọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ rà.

Báwo ni kí n ṣe máa fà á?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun mẹ́ta ni: ibú, eré, ìdúró.

Ibú ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ojú pike wà lókè orí rẹ̀, òkè ló ń wò. Ohun tó bá gba òkè rẹ̀ kọjá, ó lè gbéra lọ bá a. Ohun tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé kò kọjá ni. Perch ní tirẹ̀, tí òtútù bá ti dé, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ń dì mọ́. Nítorí náà, ẹ ní láti mọ bí omi ṣe jìn tó. Ẹ ju jig sómi. Bó ti kan omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára okùn. Ibi tí okùn bá ti dẹ̀ lójijì ni òjé ti kan ilẹ̀. Ká ní ẹ̀jọ lẹ kà débẹ̀. Nígbà kejì, ẹ kà á dé èje kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ká a, yóò máa rìn lókè ilẹ̀ díẹ̀. Nígbà kẹta, ẹ kà á dé àrún. Iye tí ẹ kà nígbà tí ẹja bù ú, ẹ má gbàgbé rẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wà ní ibú kan náà. Àwọn ìjẹ aláhọ́n tó ń léfòó kò nílò kíkà yìí. Ara páálí wọn ni wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń wọlé tó.

Eré ni èkejì. Ara ẹja kò ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ rí. Nínú oṣù Kìíní, tí omi kò ju bíi dígíríì márùn-ún lọ, pike kò ní lé ohunkóhun jìnnà. Tó bá jẹ́ pé ìjẹ kọjá ní iwájú imú rẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ó lè la ẹnu. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó lè sáré. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ká a jẹ́jẹ́, bóyá torí wọ́n ń kánjú láti tún un jù. Kí ẹ tó ju ìjẹ tuntun kankan, ẹ sọ ọ́ sómi níwájú ẹsẹ̀ yín, kí ẹ fi ọ̀pá fà á, ẹ wo bí ó ṣe lè lọ́ra tó kí ìrù rẹ̀ tó dákẹ́. Eré tó kàn ju ìyẹn lọ díẹ̀ ni ẹ ó máa lò. Mi ò mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa fò ó, nígbà tí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ìdúró wá ni ìkẹta, òun ló sì dùn jù. Ẹ rántí ẹja Rapala tí kò lè wẹ̀ tààrà. Ẹja tó yá kì í dúró lójijì lójú apẹranjẹ, kì í já bọ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹja tí mo ń mú, ìgbà tí ìjẹ dúró tàbí tó ń bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n bù ú. Fún jig, ẹ gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ yí réèlì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kí ẹ wá dáwọ́ dúró kí ó máa bọ́. Bó ti ń bọ́, okùn gbọ́dọ̀ wà ní nínà, torí bí okùn bá dẹ̀, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ máa fi ojú bá okùn lọ. Bí ó bá ta lójijì, bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ, tàbí bí ó bá dẹ̀ kí iye tí ẹ ń kà tó pé, ẹja ni.

Perch á tọ́ ọ wò, tó-tó-tó, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fà á yọ. Ẹ máa ká a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi wúwo. Pike kì í kan ilẹ̀kùn ní tirẹ̀. Ẹ kàn máa rí i pé ohun gbogbo dúró, ẹ wá fi ọ̀pá fà á sí ẹ̀gbẹ́ tagbáratagbára. Ti ìjẹ tó ń léfòó ló le jù fún ọkàn: omi á bú gbàù, gbogbo ara yín á fẹ́ fà á. Ẹ dúró títí ọwọ́ yín á fi gbọ́ ìwúwo ẹja, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ibo la ó jù ú sí? Ẹja apẹranjẹ fẹ́ràn ibi tí nǹkan ti pàdé nǹkan: òjìji abẹ́ afárá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ẹnu ibi tí koríko odò parí sí, igi tó wó sómi, ibi tí omi jíjìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sójú kan. Ẹ ju díẹ̀ sápá òsì, díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ẹ sì rìn. Àwọn tuntun máa ń ju ìjẹ dé òdìkejì kánààlì, nígbà tó jẹ́ pé ẹja wà lábẹ́ ògiri tí wọ́n dúró lé lórí. Fún irú ibẹ̀, drop shot ló dára: ẹ so òjé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìwọ̀ kékeré pẹ̀lú rọ́bà wà lókè rẹ̀ bíi ìwọ̀n ọwọ́ méjì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ tààrà, ẹ máa gbọn orí ọ̀pá jẹ́jẹ́ láìgbé òjé kúrò nílẹ̀. Nígbà òtútù, mi ò mọ ohun tó ń mú perch jù ú lọ.

Kí ẹ tó gbé ìjẹ kúrò nínú omi, ẹ fi orí ọ̀pá mú un ya ìyípo kan níwájú yín. Pike tó ti tẹ̀ lé e bọ̀ lè bù ú níbẹ̀, nítòsí bàtà yín. Àyà yín á já.

Àwọ̀ wo ló dára?

"Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ni kí n rà?" Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyẹn. Omi ń gbé àwọ̀ mì bó ti ń jìn sí i, pupa ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Ìjẹ pupa tó wọlé jìn kò pupa mọ́, ó ti di ohun dúdúdúdú. Nínú omi tó mọ́, ẹ lo èyí tó jọ ẹja gidi. Nínú omi tó rú, yẹ́lò tàbí olómi ọsàn tó ń pariwo. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, dúdú, torí láti ìsàlẹ̀ ni ẹja ti ń wò ó, ojú ọ̀run ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tán. Ògiri ìsọ̀ yẹn, ojú èèyàn ló kọ́kọ́ wà fún.

Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣàbùmọ́, ẹ wo apẹja kan tó ń jẹ́ George Perry. Ní oṣù Kẹfà 1932, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ó mú ẹja largemouth bass (ti inú odò àti adágún ni, kì í ṣe bass etí òkun) tó wọn pọ́n-ùn 22 àti áúńsì 4, nǹkan bíi kílò 10. Ìtàn rẹ̀ ni pé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń pín ọ̀pá kan ṣoṣo lò lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìjẹ ẹ̀tàn onígi. Títí di 2009 kò sí ẹni tó bá a dọ́gba, nígbà tí Manabu Kurita mú ọ̀kan ní adágún Biwa ní Japan tó fi ìdá áúńsì kan ju ti Perry lọ. Níwọ̀n bí ìyàtọ̀ náà kò ti tó áúńsì 2 tí òfin àwọn tó ń kọ ẹja tó wúwo jù lágbàáyé sílẹ̀ béèrè, wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Perry kò gbé tirẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ilé ló gbé e lọ, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ṣé èmi náà lè gbé tèmi lọ sílé?

Ní England, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀pá ìpẹja ti Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó odò àti àyíká, kó tó pẹja nínú odò, kánààlì tàbí adágún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 13 sí 16, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Owó ìtanràn ẹni tí kò bá ní in lè tó £2,500. Inú òkun kò nílò rẹ̀. Ìwé yẹn nìkan kò sì tó: ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó ni omi gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda fún yín. Láti 15 oṣù Kẹta sí 15 oṣù Kẹfà, ẹ kò gbọdọ̀ pẹja odò bíi pike àti perch nínú àwọn odò tó ń ṣàn, torí ìgbà ìyé ẹyin wọn ni.

Nínú odò, pike kan lójúmọ́ ni òfin gbà kí ẹ mú, kò sì gbọdọ̀ gùn ju 65cm lọ. Perch wà lára àwọn ẹja kéékèèké tí ẹ lè mú 15 nínú wọn lójúmọ́, kò sí èyí tó gbọdọ̀ ju 20cm lọ. Ní adágún àti kánààlì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ibi kò gbà rárá. Ní ti bass inú òkun, èyí tí kò bá tó 42cm, ẹ dá a padà. Mo mọ̀ pé ó ń bí àwọn ìyá wa nínú pé kí èèyàn lo ọjọ́ kan létí omi kó tún ju ẹja padà. Ṣùgbọ́n àwọn pike ńlá yẹn, abo ni wọ́n, àwọn ló ń yé ẹyin tó pọ̀ jù.

Ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, kí ìkun ara rẹ̀ má bàa bó. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé e. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ gbogbo ẹ̀gún ara ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, yóò rọrùn láti yọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tó gba 10–30g. Réèlì 2500. Okùn híhun, fluorocarbon díẹ̀, okùn wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Jig gíráàmù 5, 7 àti 10, pẹ̀lú rọ́bà oníìrù tó gùn tó ìka ọwọ́, ní àwọ̀ méjì péré. Spinner kan. Ìjẹ aláhọ́n kúkúrú kan tó ń rìn lókè. Rọ́bà tó bá kéré jù lára jig gíráàmù 5 kò ní tó ìwọ̀n ọ̀pá yìí, torí náà ẹ má lọ ra rọ́bà wẹ́wẹ́.

Owó tó bá kù, ẹ fi ra àwọ̀n ńlá tí wọ́n fi rọ́bà bò, ẹ̀mú gígùn tó lè dé ọ̀fun pike, àti ẹ̀mú agéwáyà tó mú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò dá. Tí ìwọ̀ bá ti wọ ibi tí kò ṣeé yọ lẹ́nu ẹja, tàbí tó wọ ìka yín, ẹ gé ìwọ̀ náà sí méjì. Kò wọ́n. Ẹ ra òmíràn.